Ta Ló Falẹ̀: Ènìyàn Ni àbí Fóònù Ọwọ́ Rẹ̀?

Dánfó tó bá ń sá eré 60 kìlómítà ní wákàtí kan lójú títì Èkó sí Àgbádárìgì ń jẹ nǹkan bíi mítà 17 ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí ọlọ́kadà bá já lu ọ̀nà níwájú rẹ̀ ní Okokomaiko, ọkọ̀ náà kò ní dúró de ojú awakọ̀ kó tó ríran, kò ní dúró de ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó kan bíréèkì. Bó bá fi ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá péré falẹ̀, mítà mẹ́rin ti lọ nìyẹn. Àlàfo yìí, láti ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ títí di ìgbà tí ara dá a lóhùn, ni a ó máa pè ní àsìkò ìfèsì. Ó ti lé ní 150 ọdún tí àwọn onímọ̀ saikọ́lọ́jì ti ń wọ̀n ọ́n, mílísẹ́kọ́ńdì ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n: ẹ gé ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, kí ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí wọ́n ní kó tẹ bọ́tìnì ní kété tó bá rí iná, á lo nǹkan bíi 200 sí 250. Bó bá jẹ́ ìró ló ń dúró dè, ó máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà kan, kí wọ́n tó lè wọ̀n ọ́, wàá wọ yàrá kan ní yunifásítì, wàá jókòó ti ẹ̀rọ tí olùwádìí fúnra rẹ̀ ti yẹ̀ wò, tó mọ bó ṣe ń yá àti bó ṣe ń falẹ̀. Ní báyìí, líǹkì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. O tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù rẹ, àwòrán yọ, o fọwọ́ kàn án, ó parí. Ẹni tó wà ní Ìbà, ní Èkó, lè kópa nínú ìwádìí tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láì kúrò lórí àga rẹ̀. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó wọ̀n ẹni náà kì í ṣe ti olùwádìí mọ́. Bó bá sì jẹ́ apá Ọ̀jọ́ ni ẹni náà ń gbé, àfàìmọ̀ kí ẹ̀rọ ọ̀hún má ti gba ọwọ́ àwọn ará ọjà ẹ̀rọ Àlàbá kọjá.

Ìtàn ìwọ̀n yìí fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1796, Nevil Maskelyne, olórí àwọn awòràwọ̀ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Greenwich, lé ọmọọṣẹ́ rẹ̀ David Kinnebrook dànù. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀? Àkókò tó ń kọ sílẹ̀ pé ìràwọ̀ kọjá fi nǹkan bí ìdá 8 nínú 10 ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ọ̀gá gbà pé ọmọ náà ti ya aláìbìkítà. Ọdún gorí ọdún kí Friedrich Bessel, awòràwọ̀ ìlú Königsberg, tó fi hàn pé kò sí awòràwọ̀ méjì tí ojú àti ọwọ́ wọn dọ́gba, ì báà jẹ́ ọ̀gá, ì báà jẹ́ ọmọọṣẹ́. Kinnebrook ti kú kí àlàyé yẹn tó dé.

Ẹni tó sọ ọ́ di ìmọ̀ tó ṣeé mú lò ni Franciscus Donders, oníṣègùn ojú ní Utrecht, ní 1868. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le, ó kàn jinlẹ̀ ni. Ó kọ́kọ́ fún ènìyàn ní iṣẹ́ tí kò ní ìrònú nínú: bó o bá ti gbọ́ ìró, dáhùn. Lẹ́yìn náà ó fún ẹni kan náà ní èyí tó ní yíyàn nínú: bó bá jẹ́ ti báyìí, dáhùn báyìí, bó bá jẹ́ tọ̀hún, dáhùn tọ̀hún. Ó wá yọ àsìkò ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì. Ohun tó ṣẹ́kù ni àsìkò tí ọpọlọ fi yàn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyọkúrò yìí sọ́kàn, torí òun ni yóò gbà wá sílẹ̀ níwájú.

Bí iṣẹ́ náà ṣe dé orí íntánẹ́ẹ̀tì kò pẹ́ rárá. Amazon gbé ọjà iṣẹ́ kékeèké tí wọ́n ń pè ní Mechanical Turk jáde ní 2005, àwọn olùwádìí sì rí i pé àwọn lè fi owó díẹ̀ rí ọgọ́rùn-ún ènìyàn láàárín ọjọ́ kan. Joshua de Leeuw ṣe jsPsych, àkójọ kóòdù ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi kọ ìdánwò tó ń ṣiṣẹ́ nínú bráúsà. PsychoPy tí Jonathan Peirce bẹ̀rẹ̀ ní Nottingham, tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà inú yàrá tẹ́lẹ̀, náà bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2013, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Crump àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìdánwò àtijọ́ lọ sórí Mechanical Turk láti wò ó bóyá èsì wọn yóò jáde bí ó ṣe ń jáde nínú yàrá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jáde. Èyí tó kọ̀ ni ti àwòrán tí wọ́n ń fi han ojú fún ìwọ̀nba mílísẹ́kọ́ńdì kí wọ́n tó bò ó. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà, a ó dé ibẹ̀.

Ohun tí púpọ̀ nínú wa yóò kọ́kọ́ rò ni pé nẹ́tíwọ̀kì wa tó ń ṣe ségesège ni yóò ba ìdánwò náà jẹ́. Rárá o. Bí ojú ewé bá ti ṣí tán, tí gbogbo àwòrán ti sọ̀ kalẹ̀ sínú fóònù, aago inú fóònù gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í kà nígbà tí àwòrán yọ, òun ló dúró nígbà tí ìka kàn án. Nẹ́tíwọ̀kì kàn wá gbé èsì lọ ní ìgbẹ̀yìn ni. Bí dátà bá tán láàárín, èsì lè sọnù, ṣùgbọ́n kò lè di irọ́. Olùwádìí tó mọṣẹ́ á jẹ́ kí gbogbo àwòrán kọ́kọ́ wọlé, á sì fún wọn ní ìwọ̀n tí kò ní jẹ dátà olùkópa tán.

Àyàfi bí ẹni náà bá ń lo Opera Mini. Bráúsà yìí wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ dátà jẹ. Bó bá wà ní ipò tó ti ń dín dátà kù jù, kì í ṣe inú fóònù rẹ ni kóòdù ojú ewé ti ń ṣiṣẹ́. Sáfà Opera ló ń bá ọ ṣe é, tí yóò wá fi àwòrán ibi tó bá a dé ránṣẹ́ sí ọ. Bó o bá tẹ nǹkan, ìtẹ̀ náà á rin ìrìn àjò lọ, á sì rin ìrìn àjò bọ̀. Ẹni tó bá wọ̀n àsìkò ìfèsì nínú ìyẹn, òkun ló wọ̀n. Ìdánwò tó bá fẹ́ gba ará Èkó wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè irú bráúsà tí wọ́n fi wọlé, kó sì sọ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kí wọ́n lo òmíràn.

Wàhálà tòótọ́ wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ojú fóònù àti ti kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ jù ń tún àwòrán ara rẹ̀ yà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni pé mílísẹ́kọ́ńdì 16.7 ni ìgbésẹ̀ kan; kò sí bí o ṣe lè fi àwòrán hàn fún 10 lórí rẹ̀. (Dánfó wa ìṣáájú yẹn kò tíì rin ẹsẹ̀ bàtà kan tán nínú 16.7, ṣùgbọ́n nínú saikọ́lọ́jì, ìwé ńlá ńlá ti jáde lórí ìyàtọ̀ tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.) Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn wà lára ìdí tí àwòrán ìwọ̀nba mílísẹ́kọ́ńdì ti Crump fi kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Kíbọ́ọ̀dù náà ní ìfalẹ̀ tirẹ̀, nítorí kì í ṣe ìgbà tí ìka kàn án ló ń sọ, bí kò ṣe ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá bi í léèrè. Ojú fóònù tí à ń fọwọ́ kàn tún falẹ̀ jù ú lọ. Èwo ni ti aago? Ní January 2018, nígbà tí ìròyìn àléébù ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Spectre àti Meltdown jáde pé àwọn ọ̀daràn lè fi aago tó mú ṣáṣá jí àṣírí inú kọ̀ǹpútà, àwọn oníbráúsà mọ̀ọ́mọ̀ sọ aago tiwọn di èyí tí kò mú mọ́. Ìgbà kan wà tí ti Firefox ń fo mílísẹ́kọ́ńdì méjì méjì.

Síbẹ̀, ẹ̀rù kò yẹ kó bà wá jù. Ní 2016, de Leeuw àti Benjamin Motz fi ìdánwò kan náà sínú bráúsà àti sínú sọ́fítíwià yàrá. Ti bráúsà fi nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 25 pẹ́ ju ìkejì lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí wọ́n ń wá jáde ketekete nínú méjèèjì. Ní 2020, Bridges, Peirce àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ẹ̀rọ yẹ ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià wò lórí Windows, Mac àti Linux, wọ́n sì rí i pé ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò burú tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń pariwo. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ mí lọ́kàn nínú irú iṣẹ́ báyìí: ẹ̀rọ tó pé, tí nǹkan kan kò ṣe, ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ wá wo ibi tí ẹ̀rọ tiwa ti ń wá. Àlàbá Rago, ọjà àwọn Háúsá tí àgbò fún lórúkọ, tí ẹ̀wà, àlùbọ́sà, pàǹtírí irin àti ẹ̀rọ àlòkù ti máa ń pàdé ara wọn, kò jìnnà sí ọjà ńlá Àlàbá tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì. Ní 2005, àjọ Basel Action Network kọ ìròyìn kan lórí Èkó, wọ́n ní nǹkan bíi 500 kọ̀nténà kọ̀ǹpútà àlòkù ló ń wọ èbúté wa lóṣooṣù, àti pé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò ṣeé tún ṣe. Ìwádìí òmíràn tí wọ́n ṣe ní èbúté ní 2015 àti 2016 ka nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù tó ń wọlé lọ́dún. Èyí tó bá ṣì mí, wọ́n á tà á. Èyí tí kò bá mí, wọ́n á tú u, wọ́n á fi ẹ̀yà rẹ̀ jí òmíràn dìde.

Ẹ dúró díẹ̀ níwájú tábìlì ẹlẹ́rọ fóònù kan, lábẹ́ agboòrùn. Ìyá kan gbé fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ yángá dé. Ọmọkùnrin náà fi ooru yọ́ gọ́ọ̀mù etí rẹ̀, ó fi irin pẹlẹbẹ gbé ojú náà sókè díẹ̀díẹ̀, ó tú wáyà tó fẹ́lẹ́ bí ewé tó so ó mọ́ bọ́ọ̀dù. Ó gbójú sókè. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, orijínà lẹ fẹ́ ni, àbí kọ́pì?” Ìyá bi í ní iye tí méjèèjì jẹ́, ó kanra díẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, èyí tí apá mi ká ni kó o fi sí i.” Kọ́pì ni. Nígbà tó so ó tán, ó fi ìka fa ilà láti igun dé igun láti wò ó bóyá ibì kan kú. Ó ṣí kíbọ́ọ̀dù, ó tẹ lẹ́tà mẹ́rin-márùn-ún kíákíá. Ìka ti kúrò kí lẹ́tà tó yọ. “Ó ti ń ṣiṣẹ́, mà.” Òótọ́ ló sọ. Fún WhatsApp àti ìpè, ó ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó ní ìdí láti béèrè iye mílísẹ́kọ́ńdì tó fi ń falẹ̀.

Ẹ wá ronú nípa ọ̀nà tí fóònù ń gbà rìn nínú ẹbí. Ọ̀dọ́ ló ń ra tuntun. Ògbólógbòó á bọ́ sọ́wọ́ àbúrò, tàbí kó lọ sọ́dọ̀ màmá nílé. Bí olùwádìí bá wá fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí 500 ènìyàn ní Èkó, tó sì kọ ọ́ pé àwọn àgbà fi mílísẹ́kọ́ńdì 90 falẹ̀ ju àwọn ọ̀dọ́ lọ, mélòó níbẹ̀ ni ti ọjọ́ orí, mélòó ni ti fóònù tí àwọn ọmọ fà lé wọn lọ́wọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti olówó àti mẹ̀kúnnù. Àìlówó ló ń ra kọ́pì, kọ́pì ló ń falẹ̀, ìwé ìwádìí á wá kọ ọ́ pé ọpọlọ mẹ̀kúnnù ni kò yá.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń fa ọ̀rọ̀ gùn, kó lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1895. R. Meade Bache kọ àpilẹ̀kọ sínú Psychological Review ní Amẹ́ríkà lórí àsìkò ìfèsì àti ẹ̀yà. Àwọn tí wọ́n wọ̀n kò tó 40: aláwọ̀ funfun, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, àti aláwọ̀ dúdú. Èsì jáde, àwọn aláwọ̀ funfun ló falẹ̀ jù. Ẹ máa rò pé ọkùnrin náà yóò dákẹ́. Kò dákẹ́ o. Ó ní ìfalẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé àwọn ló ga jù, torí ẹni tó ń ronú ni kì í yára bí ẹranko. Nígbà tó yá, tí àwọn mìíràn dé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n yí orin padà: ẹni tó bá yára ló wá di olóye. Ẹni tó ní aago lọ́wọ́ ló ń sọ ohun tí aago wí. Robert Guthrie, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, kó irú àwọn ìtàn báyìí jọ sínú ìwé ní 1976. Mo gbà pé ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ fi àsìkò ìfèsì wé ìlú kan mọ́ òmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ ka ìwé yẹn kó tó kọ kóòdù kankan.

Ọ̀nà àbáyọ wà, Donders ló sì ti là á sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti ra ẹ̀wà rí ní Àlàbá Rago mọ̀ pé kọ́ńgò Mállàm yìí àti kọ́ńgò Mállàm tọ̀hún kì í dọ́gba. Òmíràn wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Bó o bá fi kọ́ńgò méjì wọ̀n ọjà ènìyàn méjì, o kò lè mọ ẹni tó ní ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n bó o bá fi kọ́ńgò kan náà, bó ti wù kí ìdí rẹ̀ wọnú tó, wọ̀n ẹ̀wà olóyin àti funfun níwájú Mállàm kan, o mọ èyí tó pọ̀ ju èkejì lọ. Má ṣe fi ará Ọ̀jọ́ wé ará Nottingham. Fi ará Ọ̀jọ́ wé ara rẹ̀, lórí fóònù rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan náà.

Ìdánwò tí John Ridley Stroop gbé jáde ní 1935 rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi àwọ̀ ewé kọ ọ̀rọ̀ náà “pupa”, wọ́n á ní kó o sọ àwọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ahọ́n á fẹ́ ka ọ̀rọ̀, ọpọlọ á ní rárá, ìjà díẹ̀ á ṣẹlẹ̀, àsìkò á lọ síbẹ̀. Bí fóònù bá fi 80 falẹ̀, ó fi 80 falẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ àti àwọ̀ bára mu, ó tún fi 80 falẹ̀ nígbà tí wọn kò bára mu. Yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, 80 lọ. Ohun tó kù ni ti ènìyàn. Ìdánwò tí àwọn Eriksen gbé jáde ní 1974 tún dára fún ọjà bíi tiwa, torí ọfà ni púpọ̀ ń fi ṣe é lónìí: ti àárín kọjú sí òsì, àwọn tó yí i ká kọjú sí ọ̀tún, tẹ ibi tí ti àárín kọjú sí. Mállàm tó ń ka Háúsá, ìyá tó ń ka Yorùbá àti ẹni tí kò ka nǹkan kan lè jókòó ṣe é. Ó tún gbà wá lọ́wọ́ àwọn fóònù tí kò mọ àmì orí àti àmì ìdí fi sára lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ìyọkúrò yìí kò lè wo gbogbo àrùn. Ìfalẹ̀ tó dúró lójú kan ló lè pa rẹ́. Bí fóònù bá gbóná, tó falẹ̀ 60 nísinsìnyí, tó falẹ̀ 110 lẹ́yìn náà, tí bátìrì rẹ̀ sì wà ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, àfi kí wọ́n bi olùkópa ní ìbéèrè púpọ̀ sí i kí ségesège náà lè rọlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì jẹ́ ti ẹni tó yára ju ẹnì kejì lọ, bíi ti awakọ̀ tí a fẹ́ mọ̀ bóyá ojú rẹ̀ ṣì dá, ìyọkúrò kò ràn wá lọ́wọ́ rárá. Ẹ kó wọn wá síbì kan, kí ẹ fún gbogbo wọn ní ẹ̀rọ kan náà.

Ẹni tó bá ní kí wọ́n kúkú yọ àwa tí ẹ̀rọ wa kò dá kúrò pátápátá, kó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Jeffrey Arnett ka àwọn ìwé ìròyìn saikọ́lọ́jì pàtàkì ní Amẹ́ríkà ní 2008, ó rí i pé ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n wọ̀n jẹ́ ará ìlú olówó ti ìwọ̀ oòrùn ayé. Prolific, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Oxford ní 2014 láti máa bá olùwádìí wá olùkópa, fi ọ̀pọ̀ ọdún gba kìkì ará àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ OECD, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ olówó, àti ti South Africa. Ní 2022, Adeyemi Adetula, ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú Nature Reviews Psychology pé ó ti tó àkókò kí ìmọ̀ máa ti Áfíríkà jáde lọ sí ibòmíràn, dípò kí wọ́n kàn máa kó ti ibòmíràn wá dán wò lára wa.

Iṣẹ́ kan wà tí mo rò pé kò sí ibi tó yẹ ẹ́ ju Àlàbá lọ. Ibo ni Nottingham ti fẹ́ rí fóònù ọdún mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, Tecno, Infinix, Itel àti Samsung oríṣiríṣi, ojú kọ́pì àti ojú orijínà, gbogbo rẹ̀ lórí tábìlì kan? Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ọ̀jọ́ níbẹ̀, ó sì ní ẹ̀ka saikọ́lọ́jì. Irinṣẹ́ rẹ̀ kò wọ́n. Fóònù tó lè ya fídíò ní ìgbà 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ń fúnni ní àwòrán kan ní mílísẹ́kọ́ńdì mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ gbé e síwájú, ẹ fi ìka kan ojú fóònù tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò, kí ẹ ka iye àwòrán tó wà láàárín ìgbà tí ìka kàn án àti ìgbà tí ojú rẹ̀ yí padà. Ẹ ṣe é ní ìgbà 50 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ẹ̀ẹ̀kan kò lè sọ bó ṣe ń ṣe ségesège. Ẹ san owó àkókò ẹlẹ́rọ tó yá yín ní tábìlì. Kí ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé: orúkọ fóònù, ọdún rẹ̀, bráúsà, ìfalẹ̀ rẹ̀, àti bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ojú rẹ̀ rí.